Ìlẹ̀kẹ̀ Pupa Lọ́rùn Aṣẹ́kù

Pupa ni ìlẹ̀kẹ̀ náà tàn, pupa fòò, bí ẹ̀yinná tí a so mọ́ ọrùn ọmọ màlúù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tinúadé kò tí ì fọwọ́ kan ẹran náà. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹran ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, nígbà tí Aṣẹ́kù, ọmọ màlúù náà, gbé orí kúrò nínú koríko, tí ó rí i, tí ó sì fà sẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ fi kan ògiri. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀gbà tí ó wà lọ́rùn ọwọ́ Tinúadé, èyí tí ó fi ń mọ bí ọkàn ẹran náà ti ń lù, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kì-kì-kì mọ́ ọn lára bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn lóru òjò.

"Ṣé bí ó ṣe máa ń rí nìyí?" Ohùn àlejò kan ni. Irin tíńtín tí ó wà nínú etí Tinúadé ni ó gbé e wá láti òkè àjà, níbi tí àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè jókòó sí lẹ́yìn dígí, tí wọ́n ń rí ẹran tí ẹran kò rí wọn. "Wọ́n sọ fún wa pé funfun ni yóò máa tàn."

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn wa," ni Akínlàjà fèsì. Akínlàjà ni ó ń pèsè oúnjẹ àwọn ọmọ ẹran nínú ọgbà ìwádìí náà, òun kan náà ni ó sì máa ń mú àlejò káàkiri, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ. "Ẹran náà gbọ́ pé Yèyé ń bọ̀ ni ó fi wọ aṣọ pupa. Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín, ta ni kò múra wá nínú yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tinúadé náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kíyè sí i," ni ó wí fún wọn, ó sì rí i dájú pé ohùn òun tẹ́ pẹrẹsẹ. "A kì í dojú kọ ọmọ ẹran. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni à ń gbà tọ̀ ọ́ lọ. A kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ó lè mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ jáde, kò sí ẹni tí yóò dá òun dúró. A kì í fi okùn dè é. A kì í sì í dúró lé e lórí, nítorí ohunkóhun tí ó bá ga ju ọmọ ẹran lọ, apẹran ni lójú rẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí ìwé yín fi sọ pé kí a kúnlẹ̀," ni obìnrin kan wí láti òkè.

"Ìdí nìyẹn."

Ṣùgbọ́n kò kúnlẹ̀. Ó fa àpótí kúkúrú kan mọ́ra, ó jókòó lé e, ó sì ká etí aṣọ òkè rẹ̀ kí ó má baà kan koríko. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í joyè Yèyé Afìwàgbayì, tí wọ́n ti fi iyùn sí i lọ́rùn nítorí ọgbọ́n tí ó fi kọ́ ayé bí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹran láì kó jìnnìjìnnì bá a, orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń kúnlẹ̀ fún un. Àní ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀dọ́bìnrin tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kúnlẹ̀ kí i lórí òkúta ìloro. Tinúadé ń to iyùn rẹ̀ níwájú dígí lọ́wọ́. Ó to iyùn náà tán, ó tún un tò, kí ó tó rántí sọ pé, "Dìde." Ọmọ tí a kọ́ kì í dìde kí ẹni tí ó kúnlẹ̀ fún tó ní kí ó dìde. Ọmọ tí a kọ́ ni Rẹ̀mílẹ́kún.

Tinúadé na ìgò wàrà sí Aṣẹ́kù, ọmú rọ́bà wà lẹ́nu ìgò náà, wàrà ń kán tótó. Ẹran tí í fi ìrù jó bí ó bá ti gbóòórùn wàrà kò wo ọmú náà rárá. Ojú Tinúadé ni ó ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín ń gbọ̀n, ìtọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ ní itan rẹ̀.

"Ó ti tọ̀ sára," ni ẹnì kan wí lókè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ ẹnu-ẹ̀fọn wà nínú àpò Tinúadé, ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí awọ ara kì í fi í mọ ìgbà tí ó wọlé. Ó fọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ náà ti di ẹnu rẹ̀ pọ̀ gbágbá, bí òfin ti kọ́ ọ. Kò ní ṣí níwọ̀n ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹran kò bá funfun.

"Yèyé, wàrà ń tutù o," ni Akínlàjà wí, àwàdà inú ohùn rẹ̀ sì ti ń re ilé.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, Adájọ́ Láníhùn sì wọ inú ìloro. Òun ni ìjọba yàn láti máa mójú tó Òfin Ìrọ̀rùn, tí kò gbà kí a fi ipá gba ẹ̀jẹ̀ ẹran, nínú gbogbo ọgbà ìwádìí agbègbè náà. Arúgbó tín-ín-rín ni, a máa wọ bàtà tí kì í dún, a sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Yèyé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jáde síbí ná, kí ọmọ náà lè mí."

Tinúadé jáde. Kò tí ì rìn kọjá ẹnu ọ̀nà tán tí ìlẹ̀kẹ̀ náà fi ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó rí i nínú ojú Adájọ́, tí ìmọ́lẹ̀ pupa di àwọ̀ ìyeyè níbẹ̀, tí àwọ̀ ìyeyè di funfun. Gbogbo àwọn àlejò náà rí i. Ìtìjú gun ọrùn rẹ̀ lọ sókè, ó gbóná lábẹ́ iyùn.

"Ìlẹ̀kẹ̀ kì í pọ́n lásán," ni Adájọ́ wí. "Ẹnìkan ti dẹ́rù ba ọmọ yìí. Ènìyàn méjì péré ni a so ẹ̀gbà mọ́ lọ́wọ́ nítorí rẹ̀, ẹ̀yin àti Rẹ̀mílẹ́kún. Kò sì sí àwọn àjèjì tí ń wọlé tọ̀ ọ́. Yèyé, ta ni kí a bi?"

Ó yẹ kí ó dáhùn pé, "Èmi." Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó ti wà ní góńgó ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí òjìji àwọn àlejò tí wọ́n tẹ̀ síwájú lẹ́yìn dígí, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń wí pé:

"Ẹ bi ẹni tí ó ń tọ́ ọ."

Rẹ̀mílẹ́kún dúró sẹ́bàá ògiri pẹ̀lú àwo òwú àti ìpara tí a fi ń pa ìrora ojú awọ. Ó wo Tinúadé. Kò wò ó pẹ́. Ó rọra gbé àwo náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ?" Adájọ́ gbé ìpéǹpéjú sókè. "Kí ni o fi ṣe é?"

"Ìkánjú ni, sà."

"Ìkánjú kì í dá ọgbẹ́. Mo ní kí ni o ṣe?"

"Mo fi orúnkún tì í mọ́ ògiri, sà. Mo fi apá dí i lẹ́nu kí ó má baà ké."

Tinúadé ti rò pé kò sí ẹni tí ó rí òun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ oyè rẹ̀ ni. Ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé e lọ sí gbàgede ti balẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, ó ń pè é, àwọn onílù rẹ̀ ń pè é, Aṣẹ́kù sì kọ̀ láti sinmi. Ìlẹ̀kẹ̀ ń ṣe àwọ̀ ìyeyè, abẹ́rẹ́ kò sì ṣí. Tinúadé rán Rẹ̀mílẹ́kún lọ bu omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà kúrò lọ́rùn Aṣẹ́kù, ó fi kọ́ ọrùn ọmọ àgùntàn kan tí ó ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ bá ọkàn tí ó balẹ̀ pàdé, ó funfun. Abẹ́rẹ́ ṣí ẹnu. Bí ó ti gba ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn, pẹ̀lú orúnkún, pẹ̀lú apá, pẹ̀lú ìmí ẹran náà tí ń jó o lọ́wọ́. Ó dá ìlẹ̀kẹ̀ padà, ó fọ ọwọ́, ó sì lọ joyè ìwà. Ẹ̀rọ tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò gba ẹ̀jẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ìrọ̀rùn, èyí tí ẹ̀rù kò bà jẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ẹran ni kò gbàgbé. Ọmọbìnrin yìí sì ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú omi gbígbóná lọ́wọ́, ó sì ti ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ láti ọjọ́ náà.

"Rẹ̀mílẹ́kún!" Akínlàjà ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìwọ tí ẹran náà ń lá lójú bí ẹni lá iyọ̀! Ṣé orí rẹ pé?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i."

"N ó dá sí i! Bí o bá dẹ́rù ba Aṣẹ́kù, a jẹ́ pé èmi ni mo bí i."

Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, Akínlàjà sì dákẹ́. "Ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn," ni Adájọ́ wí. "Wọlé lọ bá a, ọmọ mi, kí a gbọ́ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ yóò sọ."

"Ẹ dákun, sà, ẹ má jẹ́ kí n wọlé."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ti jẹ́wọ́, sà. Ẹni tí ó ti jẹ́wọ́, kí ni a tún ń wá lẹ́nu ẹran?"

Tinúadé mọ ìdí rẹ̀. Bí Rẹ̀mílẹ́kún bá wọlé, funfun ni ìlẹ̀kẹ̀ yóò tàn, gbogbo ayé yóò sì mọ̀ pé Yèyé Afìwàgbayì purọ́ mọ́ ọmọdé. Wọ́n ti kọ́ ọmọ náà nílé pé ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ni ó pa. Ó wá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bo àgbà láṣìírí, bí ẹni fi ìborùn ara rẹ̀ bo ẹni tí aṣọ já mọ́ lára lọ́jà.

Adájọ́ mí kanlẹ̀. Ó fa àlùmọ́gàjí kékeré kan yọ láti inú àpò agbádá rẹ̀. "O mọ̀ pé ẹ̀gbà tí a bá gé, a kì í tún un so. O kò ní fọwọ́ kan ọmọ ẹran mọ́ nínú ọgbà kankan."

"Mo mọ̀, sà."

"Èyí tí ó wà nínú ilé yìí ńkọ́? Mo gbọ́ pé nínú agbo bàbá rẹ ni ó ti wá."

Rẹ̀mílẹ́kún yíjú wo ilé ẹran náà. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà nínú ọgbà. Àrùn tí wọ́n ń pè ní Agbálẹ̀, nítorí pé ó ń gbá agbo ẹran lọ bí ìgbálẹ̀, ni ó wọ agbo bàbá rẹ̀ tí kò fi ọ̀kan sílẹ̀ àfi ọmọ tuntun kan tí ó dúró ti òkú ìyá rẹ̀, tí ó ń fa ọmú tí kò ní wàrà mọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ni wọ́n ti ń wá oògùn. Apá rẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún fi gbé e wá sí ọgbà. Bàbá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọdún náà parí kí ó tó tẹ̀ lé àwọn ẹran rẹ̀ lọ. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún un nílé bàbá rẹ̀ ni ó ń jẹ koríko nínú ilé yẹn.

"Na ọwọ́ rẹ."

Ó na án.

Tinúadé rò ó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò rò ó. Ó rò pé òun lè dákẹ́, kí òun sì wá iṣẹ́ mìíràn tí ó dára fún ọmọ náà. Ó rò pé orúkọ òun ni ó so òfin náà ró. Bí orúkọ náà bá wó, àwọn tí kò fẹ́ òfin yóò jó lórí rẹ̀. Àwọn àwáwí náà gún régé, wọ́n sì mọ́gbọ́n dání, ó sì yà á lẹ́nu bí wọ́n ti tètè dé. Nígbà náà ni ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ lù ú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkàn Aṣẹ́kù ni. Ó ti balẹ̀ nísinsìnyí tí òun ti jáde. Ó ń lù bí ọmọ tí ń sùn.

"Ẹ fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀," ni Tinúadé wí.

Àlùmọ́gàjí dúró. "Yèyé wí pé kí ni?"

"Èmi ni. Lówùúrọ̀ ọjọ́ oyè mi ni. Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọrùn àgùntàn tí ń sùn, mo sì fi ipá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ yìí ti ròyìn orúnkún náà ni mo ṣe lò ó."

"Yèyé, ẹ dákun," ni Rẹ̀mílẹ́kún ń sọ lórí ìkúnlẹ̀, omi ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àlejò wà lókè."

"Dìde."

"Yèyé..."

"Mo ní dìde, Rẹ̀mílẹ́kún. O ti kúnlẹ̀ pẹ́ jù."

Lókè àjà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Irin inú etí Tinúadé kò gbé nǹkan kan wá fún un bí kò ṣe ìmí àwọn ènìyàn. Ó ti máa ń lálàá pé bí ìtìjú bá dé, yóò dé pẹ̀lú ariwo. Kò mọ̀ pé ó lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Adájọ́ Láníhùn wò ó. Kò sí ayọ̀ lójú rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà lọ́jọ́ náà," ni ó wí, "ẹ̀rọ ti fi ṣe ìṣirò. Gbogbo oògùn tí a fi ìṣirò yẹn pò, dídà nù ni."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì tó. Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹran ni kí ó jẹ́rìí."

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ òní kò gbọdọ̀ ṣòfò nítorí mi."

Rẹ̀mílẹ́kún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé àwo rẹ̀, ó gba ìgò wàrà àti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Tinúadé, ó wọlé. Kò jókòó lórí àpótí. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko tí ìtọ̀ ti rin, ó yí èjìká sí ẹran náà, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọmọ agbo Òkè-Àfín. Ọmọ abìlà-létí. Ìyá rẹ kò sá, ìwọ náà má sá." Aṣẹ́kù na imú. Ó rìn wá, ìrù rẹ̀ ń jó, ó fi ẹnu gbá ọmú rọ́bà mú, wàrà sì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún wà lọ́rùn rẹ̀, ibi tí ó ti ń fi ìka tẹ̀ lójoojúmọ́ láì gba nǹkan kan, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé ọwọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ogun. Ó fi ìpara ra ojú iṣan, ó dúró kí ó mú, ó fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wọ inú ìgò, ìwọ̀n tí ara kékeré náà lè yọ̀ǹda. Ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀ títí ó fi dí. Aṣẹ́kù ṣì ń mu wàrà. Kò mọ̀ pé a ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun.

Tinúadé wo gbogbo rẹ̀. Òun ni ó kọ́ ọ. Bí ó ti kọ ọ́ sínú ìwé gan-an nìyẹn, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò ní iyùn lọ́rùn, tí orúnkún aṣọ rẹ̀ máa ń dọ̀tí lójoojúmọ́. Ó dà bí ẹni pé ó pàdé ara rẹ̀ lọ́nà, tí ara rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

"Ó kàn yín, Yèyé," ni Adájọ́ wí.

Rẹ̀mílẹ́kún jáde, òun wọlé. Ìlẹ̀kẹ̀ kò dúró gba àwọ̀ ìyeyè kọjá. Pupa ni ó bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, iná rẹ̀ sì kọ mànà sára iyùn Tinúadé, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ èyí tí ó pọ́n jù nínú ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì. Aṣẹ́kù ti padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wàrà ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ìlẹ̀kẹ̀ ti jẹ́rìí," ni Adájọ́ wí láti ẹnu ọ̀nà. Ó na apá wọlé, Tinúadé sì na ọwọ́ sí i láì yíjú. Irin tutù kan awọ rẹ̀. Ẹ̀gbà já bọ́ sínú koríko, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dákẹ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ọkàn ọmọ ẹran kan tàbí òmíràn ti ń lù níbẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó dá wà bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ó jáde. Àwọn àlejò ti ń dìde, ó gbọ́ tí àga ń lọ sẹ́yìn. Ó bọ́ iyùn lọ́rùn, ó kó o lé orí àpótí. Lẹ́yìn náà, ó yí èjìká sí ẹran náà, ó sì kúnlẹ̀, pẹ̀lú aṣọ òkè, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀, sínú koríko tí ìtọ̀ ẹ̀rù ti rin. Omi náà gba inú aṣọ wọlé, ó dé orúnkún rẹ̀.

"Yèyé," ni Akínlàjà wí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì hàn pé ó ń wá àwàdà kan tí kò rí. "Yèyé, ilẹ̀ tutù o."

Ó jẹ́ kí etí aṣọ òkè rẹ̀ tẹ́ sórí koríko.

"Ẹ dìde, Yèyé," ni Adájọ́ Láníhùn wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. "Ìdájọ́ ti parí. Kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ kúnlẹ̀ fún òun."

"Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún, sà."

Ó tẹ orí ba, bí ọmọ tí a kọ́, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Lẹ́yìn èjìká rẹ̀, Aṣẹ́kù ń mí kíkankíkan, ìmọ́lẹ̀ pupa sì dúró gbọin lára ògiri. Kò ní ẹ̀gbà mọ́ tí yóò fi mọ ohun tí ọkàn náà ń sọ. Ó kàn dúró de Aṣẹ́kù, kí ó ní kí òun dìde.